Ọ́ìlì Tó Yẹ Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Ojú Omi: Àyẹ̀wò Ọ́ìlì FC-W Lẹ́yìn Ọdún Méjì Tí Mo Ti Ń Lò Ó

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i pé ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi mi ń pọ̀ sí i dípò kí ó máa dín kù, inú mi dùn, nítorí mo rò pé ẹ́ńjìnì náà kò jẹ ọ́ìlì rárá ni. Mo fa ọ̀pá géèjì yọ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo nù ún, mo tì í padà, mo tún fà á yọ, mo sì rí i pé ojú ọ́ìlì ti kọjá àmì òkè ní nǹkan bí ìbú ìka kan, bẹ́ẹ̀ ni ó ti lé ní oṣù méjì tí mo ti fi ọ́ìlì kún un gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kì í pọ̀ sí i nínú àwo ẹni tó ń jẹ ẹ́. Nígbà tí mo gbé ọ̀pá náà súnmọ́ imú, òórùn pẹtiróòlù ni ó kọ́kọ́ kí mi. Nígbà tí mo sì kán ọ́ìlì náà sórí tíṣù funfun, àárín rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ sì ràn jáde bí omi, ó ṣe òrùka fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí àárín náà ká. Ọ́ìlì mọ́tò 5W-30 ni mo rọ sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ "synthetic" (ọ́ìlì àtọwọ́dá) gàdàgbà sí lára, tí mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lò fún mọ́tò láìsí wàhálà kankan.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ọ́ìlì ọ̀tọ̀ fún ọkọ̀ ojú omi, ìbéèrè tí mo ti kà sí ọgbọ́n àwọn oníṣòwò tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ́ìlì tó gba FC-W, àmì ìdánwò fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi, nìkan ni mo ń rọ sínú ẹ́ńjìnì mi, ọdún méjì sì ti pé báyìí. Ẹ́ńjìnì four-stroke alágbára ẹṣin 60 ni, èyí tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, nǹkan bíi lítà 3 ni ó ń gbà, mo sì ń fi ọkọ̀ náà pẹja, mo sì ń fi gbé àwọn ọmọ jáde nígbà tí àyè bá ṣí sílẹ̀. Ẹni tó ní irú ọkọ̀ ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò yìí wà fún. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó èrò láti àárọ̀ di alẹ́ ní ìṣirò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹni tó bá ní ẹ́ńjìnì ni gbogbo ẹ́ńjìnì ń jẹ́ kò jìnnà púpọ̀ sí òtítọ́, nítorí ọ̀pọ̀ irin tó wà nínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi kò yàtọ̀ sí ti mọ́tò. Irú ayé tí wọ́n ń jẹ ni kò dọ́gba. Omi rédíétọ̀ mọ́tò ń yí po lójú kan náà, ó sì ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 90 ti Celsius, ooru tó tó láti lé omi àti pẹtiróòlù tó bá yọ́ wọ inú ọ́ìlì jáde. Ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn ọkọ̀, ní tirẹ̀, omi odò tàbí omi òkun gan-an ni ó ń fà mu tó sì ń tú dànù, tẹ́mósítáàtì (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná) ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń ṣí ní nǹkan bí ìwọ̀n 60, nítorí náà ara rẹ̀ kì í gbóná tó ti mọ́tò. Tí ẹni tó ń pẹja bá wá jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa rá pálá fún wákàtí mẹ́ta mẹ́rin, pẹtiróòlù tí kò jó tán yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítìnì sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì, kò sì ní sí ooru tí yóò lé e jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn.

Ìdà kejì ọ̀rọ̀ náà ni eré. Mọ́tò tó ń sáré lójú pópó lè máa yí ìgbà 2,000 sí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, tó bá sì dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yóò sinmi díẹ̀. Omi kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń lọ ni pùròpẹ́là ń ti omi sẹ́yìn, bí ìgbà tí mọ́tò ń gun òkè tí òkè náà kò sì tán, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ń yí ìgbà 5,000 sí 6,000 ní ìṣẹ́jú kan tí a bá fún un ní gbogbo iná. Lẹ́yìn eré àjálù yìí, wọn yóò so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oṣù kan, nígbà mìíràn fún àsìkò òjò odindi, nínú afẹ́fẹ́ tó kún fún ọ̀rinrin àti iyọ̀. Ọ́ìlì mọ́tò kò retí ìyẹn, nítorí àwọn tó ṣe é mọ̀ pé mọ́tò kì í sábà pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó tún tan iná rẹ̀.

FC-W jẹ́ àmì ìdánwò, kì í ṣe orúkọ ọjà ilé-iṣẹ́ kankan. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà, tí a mọ̀ sí NMMA, ni ó gbé e kalẹ̀ fún ẹ́ńjìnì four-stroke tó ń lo pẹtiróòlù lórí omi, ilé-iṣẹ́ tó bá sì fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ike ọ́ìlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ọ́ìlì náà wá fún ìdánwò kí ó sì gba ìwé àṣẹ. Wọ́n ń wò bóyá ọ́ìlì náà ń dáàbò bo irin lọ́wọ́ ìpẹtà, bóyá kò ní dí fíltà, bóyá kì í hó bí ọṣẹ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí kíkankíkan, àti bóyá kíki rẹ̀ ṣì wà bó ṣe yẹ lẹ́yìn tí irin bá ti lọ̀ ọ́ fún ìgbà pípẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tí ọ́ìlì mọ́tò kò ní rárá. Ohun tí àmì náà ń fi dá ni lójú ni pé ẹnìkan ti fi ojú ọkọ̀ ojú omi wò wọ́n. Ìran ọ́ìlì mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní FC-W Cat, fún àwọn ẹ́ńjìnì inú ọkọ̀ tí wọ́n fi catalytic converter, ohun tó ń fọ èéfín mọ́, sí ẹnu ọ̀nà èéfín wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn ọkọ̀ kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Nítorí ohun tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí ni mo ṣe fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ́ìlì mọ́tò òde òní. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èyí tó ń ṣe bí aṣọ fún irin tí wọ́n bá ń gún ara wọn, máa ń ba catalytic converter jẹ́, nítorí náà àwọn ọ́ìlì mọ́tò fẹ́lẹ́ bíi 5W-30 tó gba àmì API (ti ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ní Amẹ́ríkà) SN tàbí SP kò gbọ́dọ̀ ní in ju ìdá 0.08 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Fún mọ́tò, ó bójú mu. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi tó ń ṣiṣẹ́ agbára tí kò sì ní catalytic converter láti dáàbò bò, kò jèrè nǹkan kan nínú ìdínkù yẹn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ọ́ìlì 0W-20 tí wọ́n ṣe láti fi dín epo tí mọ́tò ń mu kù: kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ ọ́ sínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tí ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ kò bá dárúkọ rẹ̀.

Nípa àwọn nọ́ḿbà, àlàyé wọn kò le tó bí àwọn tó ń ta ọ́ìlì ṣe ń mú un le. Nọ́ḿbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà òtútù, èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tí ooru bá dé ìwọ̀n 100 ti Celsius. Bí àárín nọ́ḿbà méjèèjì bá ṣe gbòòrò tó ni wọ́n sábà máa ń nílò kẹ́míkà tó ń mú ọ́ìlì ki nínú ooru tó, kẹ́míkà yìí gan-an ni gíà àti písítìnì sì máa ń gé sí wẹ́wẹ́ bí wákàtí bá ti ń pọ̀ sí i, tí ọ́ìlì 30 yóò fi máa hùwà bí 20. Ọ́ìlì 5W-30 mi, tí pẹtiróòlù ti fọ̀, tí eré sì ti gé, kò jọ èyí tí mo rà mọ́ nígbà tí mo fà á jáde. Ó ń ṣàn bí omi.

Méjì ni mo ti lò nínú àwọn FC-W, 10W-30 ní ọdún kìíní, 25W-40 ní ọdún kejì. Mercury, tó ni orúkọ ọjà Quicksilver, sọ nínú ìwé ìtọ́sọ́nà ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì four-stroke rẹ̀ pé 10W-30 ṣeé lò nínú òtútù àti nínú ooru, àti pé 25W-40 ṣeé lò níbi tí ojú ọjọ́ bá ti ju ìwọ̀n 4 ti Celsius lọ. Yamaha ní Yamalube 4M tirẹ̀, ó ṣe é ní 10W-30 àti 20W-40, ó sì gba àmì FC-W bákan náà. Nínú ẹ́ńjìnì mi, ìyàtọ̀ tí mo gbọ́ ni pé 25W-40 ń pa ariwo fáfù mọ́lẹ̀ díẹ̀ nígbà tí a bá ti sáré fún ìgbà pípẹ́, ó sì ń pẹ́ díẹ̀ kí ohùn ẹ́ńjìnì tó rẹ̀wẹ̀sì ní àárọ̀ tútù. Tí mo bá ní kí n yan ọ̀kan fún ẹni tí n kò mọ ibi tó ń gbé, 10W-30 ni n ó yàn, nítorí pé ìwọ̀nba ẹ́ńjìnì ni yóò kọ̀ ọ́. Fún ẹni tí ojú omi rẹ̀ kì í tutù rárá, tó sì máa ń sáré púpọ̀, tí ìwé ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì gbà á láyè, 25W-40 ni ó wù mí jù.

Ọ̀rọ̀ "synthetic" tí gbogbo ènìyàn ń bèèrè, mo ti dín ojú tí mo fi ń wò ó kù. Ọ́ìlì synthetic dára, ó máa ń fara da ooru, ó sì máa ń ṣàn wéré nígbà òtútù, ṣùgbọ́n a kì í tìtorí rẹ̀ fi kún ọjọ́ tí a ó pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ ojú omi. Ohun tó ń ba ọ́ìlì yìí jẹ́ ni pẹtiróòlù, omi àti àkókò, synthetic kò sì lè dá ọ̀kankan nínú wọn dúró. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí 100 tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, tí ẹ́ńjìnì bá sì jẹ́ tuntun, ìpààrọ̀ àkọ́kọ́ sábà máa ń wáyé ní wákàtí 20. N kì í lo wákàtí 100 pé lọ́dún, nítorí náà kàlẹ́ńdà ni mo ń tẹ̀ lé. FC-W tí kì í ṣe synthetic, tí a pààrọ̀ lásìkò, sàn fún ẹ́ńjìnì mi ju synthetic olówó ńlá tó ti lo ọdún méjì nínú rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ fi síbí nítorí ó ti ná mi ní owó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pinnu láti yí ọ́ìlì padà, ọkùnrin tó ń ta ọ́ìlì fi ike kan lé mi lọ́wọ́, àwòrán ọkọ̀ ojú omi ńlá ń fò lórí ìgbì ní iwájú rẹ̀, wọ́n sì kọ "Marine" sí i lára. Mo gbé e délé, mo ti ṣí ìdérí rẹ̀ pàápàá kí n tó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà kà. N kò rí FC-W níbẹ̀, n kò rí API, kò sí nǹkan kan ju ọ̀rọ̀ ìyìn lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn," ni ọkùnrin náà sọ nígbà tí mo gbé e padà lọ, kò sì gbà á lọ́wọ́ mi nítorí pé mo ti ṣí i. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ike ni mo ń kọ́kọ́ wò. Ọ́ìlì tó gba àmì náà lóòótọ́ máa ń ní nọ́ḿbà ìwé àṣẹ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FC, èyí tó wà fún two-stroke sì máa ń ní tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RL.

Two-stroke, n kò ní ọ̀kan mọ́, ṣùgbọ́n mo lo ọ̀kan fún ọdún mẹ́fà, àwọn tó ń lò ó sì ṣì pọ̀. Ọ̀rọ̀ tiwọn rọrùn: TC-W3, àmì NMMA fún ọ́ìlì two-stroke ojú omi, ni wọ́n nílò. Ọ́ìlì two-stroke ọ̀kadà tàbí ti ayùn onímọ́tò, bó ti wù kó dára tó, wà fún ẹ́ńjìnì tí afẹ́fẹ́ ń tù lára, tí ara rẹ̀ sì máa ń gbóná gan-an, nítorí náà wọ́n sábà máa ń fi kẹ́míkà oní-irin sí i láti fọ písítìnì mọ́. Nínú ẹ́ńjìnì tí omi ń tù lára, kẹ́míkà yẹn ń di eérú, eérú náà ń lẹ̀ mọ́ orí písítìnì àti ẹnu púlọ́ọ̀gì, ó sì lè mú kí pẹtiróòlù gbaná kí àsìkò rẹ̀ tó pé. TC-W3 kò ní eérú bẹ́ẹ̀ nínú. Bí wọn yóò ṣe pò ó mọ́ pẹtiróòlù, lítà 50 sí lítà 1 ni ó wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ìwé ẹ́ńjìnì ni kí wọ́n gbà gbọ́, nítorí àwọn kan yàtọ̀. Ẹni tó ní ẹ́ńjìnì dísẹ̀lì nínú ọkọ̀ rẹ̀ kò nílò FC-W rárá. 15W-40 tó gba API CI-4, CJ-4 tàbí CK-4 ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ, Volvo Penta sì ní ìlànà tirẹ̀ tí wọ́n ń kọ ní VDS. Ọ́ìlì gíà ìsàlẹ̀, níbi tí pùròpẹ́là wà, tún jẹ́ ohun mìíràn pátápátá. A kì í rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì síbẹ̀.

Ṣé FC-W wá mú kí ọ́ìlì mi dẹ́kun pípọ̀ sí i? Rárá, n kò sì ní purọ́ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 20 pẹ̀lú 10W-30 tuntun, ojú ọ́ìlì tún ti gòkè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó ti tẹ́lẹ̀, òórùn pẹtiróòlù sì ṣì wà níbẹ̀. Mẹkáníìkì tó wá wò ó kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọ́ìlì rárá. Ó tú tẹ́mósítáàtì, ó fi hàn mí: iyọ̀ funfun ti dì mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ sì là kalẹ̀ láìlè padé, tó jẹ́ pé omi tútù ń kọjá nínú ẹ́ńjìnì láti ìgbà tí mo bá ti tanná. Ẹ́ńjìnì mi kò gbóná rí, láti bí oṣù mélòó kan. Ó fi tuntun síbẹ̀, ó pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà, ó sì ní kí n máa fún ẹ́ńjìnì ní eré tó dára fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí n tó so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí mo bá fi pẹja.

Èyí ni mo fi ń sọ pé ọ́ìlì tó dára kì í tún ohun tó ti bàjẹ́ ṣe. Ohun tí FC-W ṣe fún mi ní àsìkò náà ni pé ó fara dà á. Nígbà tí mẹkáníìkì náà ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnì, irin tó ń ṣí fáfù ń dán, kò sí ìpẹtà kankan lórí rẹ̀, fíìmù ọ́ìlì sì ṣì wà lára àwọn irin tí kò tíì yí láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó bi mí ní irú ọ́ìlì tí mo ń lò, ó sì mi orí pé ó dára.

Mo ní ẹ̀sùn kékeré kan. Ọ́ìlì FC-W wọ́n ju ti mọ́tò lọ, kì í sì í sí ní gbogbo ibi, nítorí náà ẹni tó bá rìn jìnnà pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ ní láti gbé lítà kan dání. Tí kò bá sí FC-W lọ́nàkọnà, tí ojú ọ́ìlì sì ti lọ sílẹ̀, n ó wo ìwé ẹ́ńjìnì, n ó rọ ọ́ìlì tó ní nọ́ḿbà kíki kan náà àti àmì API tí ìwé náà gbà, láti fi dé ilé nìkan, n ó sì pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ ní kíákíá. Ohun tí n kò ní ṣe láé ni kí n rọ ọ́ìlì kọjá àmì òkè nítorí ìbẹ̀rù pé kò ní tó. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù máa ń hó, ọ́ìlì tó bá sì ń hó kò lè bo irin dáadáa. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, kí ó sì ti sinmi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a tó fa ọ̀pá géèjì yọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irọ́ ni yóò pa fún wa.

Ní oṣù tó kọjá, mo tún fi tíṣù ṣe ìdánwò kan náà lórí 25W-40 tó ti lo wákàtí 60. Àwọ̀ rẹ̀ ti dúdú díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kán náà dúró sójú kan, etí rẹ̀ kò sì ràn. Ojú ọ́ìlì wà lábẹ́ àmì òkè, ibi tí mo fi í sí gan-an ní ọjọ́ tí mo rọ ọ́.